Muktinath lórí òkè Nepal: ìsàlẹ̀ lẹ ti máa sùn, òkè lẹ ti máa wẹ̀

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lọ sí Muktinath, tẹ́ńpìlì tí àwọn Híńdù àtàwọn ẹlẹ́sìn Búdà kà sí mímọ́, rèé: wọ́n á wọ jíìpù ní Pokhara, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè, ní ìdájí, jíìpù á gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á sọ̀ ní Ranipauwa tó wà lẹ́sẹ̀ tẹ́ńpìlì, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn. Tó bá di òru, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn, èébì á máa gbé wọn, tílẹ̀ bá fi máa mọ́, omi mímọ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ná gbogbo owó yẹn, wọn ò ní lè dìde lọ bá a. Wọ́n á wá ní òkè yẹn ò gba àwọn. Òkè ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan o, wọ́n yára jù ni.

Pokhara ò ju nǹkan bíi mítà 820 lọ sí ìtẹ́jú òkun, Muktinath sì lé ní mítà 3,700. Atẹ́gùn tí ẹ máa mí sínú lókè yẹn, tí ẹ bá fi wé ti Èkó, ó dín díẹ̀ sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ara máa ń mọ́ ọn lára tí ẹ bá fún un láyè, àmọ́ ọjọ́ kan ò tó. Torí náà ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín: ẹ sùn lójú ọ̀nà, ẹ má sùn ní Ranipauwa, Kagbeni, abúlé tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ni kẹ́ ẹ sùn, kẹ́ ẹ gòkè láàárọ̀ lọ ṣe tiyín, kẹ́ ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà.

Bóyá àna yín ló jẹ́ Híńdù tó ní kẹ́ ẹ sin òun lọ o, bóyá ẹ̀yin fúnra yín lẹ kàn fẹ́ fojú rí i o, ọ̀nà kan náà ni.

Àwọn nǹkan tí ẹ máa nílò

- Páásípọ́ọ̀tù, físà Nepal, káàdì yẹ́lò fún ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà bọ̀ (wọ́n lè bèèrè ẹ̀)
- Fọ́tò páásípọ́ọ̀tù bíi mẹ́rin, ẹ má gbára lé ti inú fóònù
- Owó rupee Nepal lọ́wọ́, kó pọ̀ díẹ̀. ATM wà ní Jomsom, ìlú kan lójú ọ̀nà òkè yẹn, àmọ́ ẹ má fi ọkàn tán an, ó lè má ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé
- Kóòtù tó nípọn, fìlà tó bo etí, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, bàtà tó máa di ilẹ̀ mú
- Aṣọ kan tí ẹ máa fi wẹ̀, táwẹ̀lì, àti aṣọ gbígbẹ odindi ọ̀wọ́ kan nínú ọ̀rá
- Ìbomú, torí eruku ọ̀nà Beni sí Jomsom ò ṣeé fẹnu sọ
- Oògùn tí ẹ bá ń lò nílé, kó tó, kó tún lé. Ẹ gbé e sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe inú ẹrù tó wà lórí jíìpù

Oṣù Kẹta sí Ìkarùn-ún, àti Oṣù Kẹsàn-án sí Ìkọkànlá ló dára jù. Láàárín Oṣù Kẹfà sí Ìkẹjọ òjò máa ń jẹ́ kí òkè ya dí ọ̀nà, ẹ lè jókòó sójú kan látàárọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ìgbà òtútù ńkọ́? Yìnyín.

1. Físà, kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ibi táwọn èèyàn wa ti ń kó sínú wàhálà rèé. Ẹ máa kà á káàkiri pé Nepal máa ń fúnni ní físà tí ẹ bá ti balẹ̀ sí Kathmandu, olú ìlú wọn, dọ́là 30 fún ọjọ́ 15, dọ́là 50 fún ọjọ́ 30. Òótọ́ ni, àmọ́ Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ tí wọ́n yọ kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ máa fi wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ ti gba físà ní ẹ́ḿbásì Nepal kan kẹ́ ẹ tó gbéra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibi tí ẹ ti fẹ́ wọ ọkọ̀ òfúrufú gan-an ni wọ́n ti máa dá yín padà. Ẹni tó ń gbé ní London tó ṣì ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà kàn yín o, káàdì ìgbélùú Britain ò yí i padà. Ẹ́ḿbásì wọn wà ní London, ẹ lọ síbẹ̀. Ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Britain tàbí Amẹ́ríkà lè gbà á tó bá débẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan sí i: ẹ wo ibi tí ọkọ̀ òfúrufú yín máa ti yà. Doha, Dubai àti Istanbul rọrùn láti gbà dé Kathmandu. Tó bá jẹ́ Delhi ni, tí tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì ò so pọ̀, ẹ lè nílò láti jáde lọ gba ẹrù yín kẹ́ ẹ tún wọlé, físà India nìyẹn tún dé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: físà ti wà nínú páásípọ́ọ̀tù yín (tàbí ó dá yín lójú pé páásípọ́ọ̀tù yín lè gbà á níbẹ̀), ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀ sì kọjá ọjọ́ tí ẹ máa padà pẹ̀lú bí ọ̀sẹ̀ kan.

2. Ara yín: ẹ bi jínótáìpù kẹ́ ẹ tó bi iye owó

Mi ò ní yára kọjá níbí, torí ìwé tí àwọn òyìnbó ń kọ nípa òkè yìí kì í sábà rántí tiwa.

Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Atẹ́gùn tó kéré yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì pọ̀, kírísìsì lórí òkè tí ọsibítù ńlá jìnnà sí, kì í ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni fẹ́. Ẹni tó jẹ́ AS ńkọ́? Ọ̀pọ̀ AS máa ń gun òkè tí nǹkan kan ò ní ṣe wọ́n, àmọ́ àwọn dókítà ti rí i lára àwọn AS kan pé ọlọ inú wọn bà jẹ́ lórí òkè gíga, torí ẹ̀jẹ̀ ò ráyè dé ibẹ̀ mọ́. Torí náà tí ẹ bá jẹ́ AS tí ìrora líle bẹ̀rẹ̀ lápá òsì lábẹ́ egungun ìhà, ẹ má pè é ní inú rírun, ẹ má pè é ní páìlì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé AS ni yín, torí dókítà ibẹ̀ lè má ronú kàn án. Àìmọye èèyàn ni ò mọ jínótáìpù tiwọn títí wọ́n á fi fẹ́ ṣègbéyàwó. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Aláboyún, ẹni tí ọkàn ń dà láàmú, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ ò tíì gbọ́ràn sí oògùn, ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ bi í nípa Diamox náà, oògùn tó ń dènà àìsàn òkè. Mílígírámù 125 láàárọ̀ àti lálẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fún àgbàlagbà, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú ìgòkè. Ó máa ń jẹ́ kí ìka máa ta yín ṣiṣiṣi, ẹ ó sì máa tọ̀ léraléra, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí oògùn bíi Septrin máa ń bá jà gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà kó tó gbà á.

Ìkìlọ̀ tó tún kan àwa gan-an: tí orí bá fọ́ yín lókè, ẹ má kàn sọ pé ibà ni kẹ́ ẹ wá da Coartem sẹ́nu kẹ́ ẹ sì máa gòkè lọ. Orí fífọ́ tó dé lẹ́yìn tí ẹ ti kọjá mítà 2,500, tí oúnjẹ ò wù yín, tí ara ò gbóná, àìsàn òkè ni kẹ́ ẹ pè é títí ohun mìíràn á fi hàn. Tí ara bá gbóná gan-an, tí ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà. Èyí tó wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, ẹ ò gbọdọ̀ gòkè sí i.

3. Kathmandu sí Pokhara, àti káàdì ACAP

Tí ẹ bá dé Kathmandu, bọ́ọ̀sì wà, ọkọ̀ òfúrufú kékeré wà, èyí tó bá wù yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni Pokhara.

Muktinath wà nínú ọgbà ìdáàbòbò Annapurna, ẹ gbọ́dọ̀ ní káàdì ACAP, ìyẹn ìwé àṣẹ ìwọlé ọgbà náà, kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Rupee 3,000 ni fún àlejò (àwọn ará India àti àwọn alámùúlégbè wọn ń san 1,000, ẹ má bá wọn jà, òfin ni). Kathmandu tàbí Pokhara ni kẹ́ ẹ ti gbà á, ẹ mú páásípọ́ọ̀tù àti fọ́tò yín dání. Àwọn tó bá dé ibi àyẹ̀wò láìní in, ìlọ́po méjì ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: orúkọ tó wà lórí káàdì bá ti páásípọ́ọ̀tù mu. Orúkọ Yorùbá gùn, akọ̀wé ibẹ̀ lè gbé lẹ́tà kan jù nù, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú ẹ̀.

4. Ìgòkè: Pokhara, Tatopani, Kagbeni

Ọkọ̀ òfúrufú kékeré máa ń fò láti Pokhara lọ sí Jomsom ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó máa ń gba àárín òkè Dhaulagiri (mítà 8,167) àti Annapurna (mítà 8,091), ẹwà ibẹ̀ ò lẹ́gbẹ́. Síbẹ̀ mi ò ní kẹ́ ẹ bá a gòkè. Àkọ́kọ́, ó máa gbé yín láti mítà 820 dé nǹkan bíi mítà 2,700 kẹ́ ẹ tó mu tíì tán. Èkejì, àárọ̀ nìkan ló ń fò, torí tó bá ti ń lọ sí ọ̀sán afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jà nínú àfonífojì odò Kali Gandaki tí awakọ̀ ò ní lè balẹ̀. Tí kùrukùru bá bo Pokhara láàárọ̀ yẹn, ó ti di ọ̀la nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀ de ìgbà tí ẹ bá ń padà.

Jíìpù ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ẹ gbà á láti Pokhara gba Beni lọ sí Tatopani, kẹ́ ẹ sùn níbẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní mítà 1,100, omi gbígbóná ń sun láti inú ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, ẹ tètè sùn. Lọ́jọ́ kejì kẹ́ ẹ wá máa lọ sókè, gba Marpha, ìlú funfun kékeré tí ápù pọ̀ sí, gba Jomsom, títí dé Kagbeni tó wà ní nǹkan bíi mítà 2,800. Ẹni tó bá láyè, tàbí tó bá mú àgbàlagbà dání, kó tún sun Marpha mọ́jú. Awakọ̀ máa sọ fún yín pé òun lè gbé yín dé Ranipauwa lọ́jọ́ kan náà, kò purọ́, ó lè ṣe é, òun ti mọ òkè yẹn lára, ẹ̀yin lẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ bá a sọ ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ máa sùn kẹ́ ẹ tó sanwó, kì í ṣe lójú ọ̀nà.

Lójú ọ̀nà: ẹ mu omi, ẹ má mu ọtí, ẹ má lo oògùn oorun. Ẹ jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà wọn tí wọ́n ń pè ní dal bhat, ọbẹ̀ ẹ̀wà yẹn máa ń ṣàn, ó sì máa ń gbóná, wọ́n á tún bù sí i fún yín láìgba owó.

Tí ẹ bá dé Kagbeni, ẹ má sá káàkiri. Afẹ́fẹ́ ọ̀sán ibẹ̀ lè gbé fìlà lórí yín, òkúta wẹ́wẹ́ á máa ta yín lójú. Ẹ wọlé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí olúkúlùkù dáhùn fúnra ẹ̀, kí ọkọ má dáhùn fún ìyàwó: ṣé orí ń fọ́? Ṣé oúnjẹ wù ọ́ jẹ? Ṣé o lè fi gìgísẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀ rìn lórí ìlà gbọọrọ láìta gọ̀ọ́gọ̀ọ́? Oorun tí ò jinlẹ̀ nìkan ò burú. Tí orí bá ń fọ́ díẹ̀, ẹ dúró ní Kagbeni lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò já geere, tàbí tí èémí ẹ̀ ń já nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń wúkọ́ tí ìfófòó ń jáde, sísọ̀ kalẹ̀ ni oògùn ẹ̀, lóru náà ni, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

5. Àárọ̀ ìjọsìn: Ranipauwa dé ẹnu ọ̀nà

Ẹ gbéra ní kùtùkùtù kí afẹ́fẹ́ tó dìde. Láti Kagbeni dé Ranipauwa ò jìnnà, ṣùgbọ́n nǹkan bíi mítà 900 lẹ máa fi gòkè. Ibi tí jíìpù dúró sí, ẹ ṣì máa fẹsẹ̀ rìn bí ìdajì wákàtí, àtẹ̀gùn ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹṣin wà, ọ̀kadà wà fún ẹni tí ò lè rìn. Ẹ dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó gun ẹṣin, kẹ́ ẹ sì bèèrè bóyá owó yẹn ti ní àbọ̀ nínú.

Ẹ rìn bíi pé ẹ ò ní ibì kankan tí ẹ ń lọ. Tí ẹ ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí hẹlẹ, ẹ ti yára jù. Àwọn tó ń ta òkúta dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, shaligram ni wọ́n ń pè é, ẹ̀dá inú òkun àtijọ́ ló di òkúta, àwọn Híńdù sì ka òkúta yìí sí Vishnu, òrìṣà wọn, fúnra ẹ̀. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ta á, ẹ má sì tíì rà á, ìgòkè ò bá ẹrù mu.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà: ẹ jókòó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó yẹ kí èémí yín ti balẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde.

6. Omi 108, adágún méjì, àti iná

Tẹ́ńpìlì Vishnu ló wà láàárín, ilé olórùlé onípele tí ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Ògiri kan tó tẹ̀ bí ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ara ògiri yẹn ni orí màlúù 108 tí wọ́n fi irin ṣe tò sí, omi òkè ń dà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iwájú ni adágún méjì wà. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà náà ka ibẹ̀ sí ibi mímọ́, àwọn obìnrin wọn tó fárí ló ń bójú tó o, torí náà ẹ máa rí ẹlẹ́sìn méjì níbì kan náà tí wọn ò bá ara wọn jà.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é:

a) Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, kẹ́ ẹ to aṣọ gbígbẹ kalẹ̀ bí ẹ ṣe máa wọ̀ ọ́, èyí tó kan ara lókè. Ọwọ́ tó ti kú fún òtútù ò lè tú ẹrù. Obìnrin máa ń wẹ̀ tòun taṣọ lára.

b) Ẹ ka ẹnu omi láti ìbẹ̀rẹ̀ ògiri dé ìparí, kẹ́ ẹ máa tẹ orí ba gba abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sáré e, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú, òkúta tó wà nílẹ̀ ń yọ̀. Ẹ rìn kánmọ́kánmọ́, ẹ má sáré, kẹ́ ẹ sì máa mí jáde láti ẹnu, torí omi yìnyín yẹn máa ń fẹ́ kéèyàn há èémí mọ́nú.

c) Lẹ́yìn náà ni adágún méjèèjì, ẹ bọ́ sí ọ̀kan, ẹ jáde, ẹ bọ́ sí èkejì. Ẹ má dúró gbàdúrà gígùn nínú omi, ẹ jáde kẹ́ ẹ tó gbà á.

d) Ẹ nu ara, ẹ wọ fìlà kẹ́ ẹ tó wọ ṣòkòtò.

Bàbá tàbí ìyá àgbà, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì yín wọ omi yẹn. Ẹ fi ìka kan omi ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ fi pa orí, ọ̀pọ̀ Híńdù tó ti dàgbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé ẹ̀bẹ̀ wọn ò gbà.

Kẹ́ ẹ tó wọ tẹ́ńpìlì, ẹ bọ́ bàtà, ẹ fi bẹ́líìtì awọ sílẹ̀, ẹ pa fóònù. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa fi yí tẹ́ńpìlì ká, ìyẹn ni pé kó máa wà lápá ọ̀tún yín, ọwọ́ ọ̀tún náà lẹ máa fi nawọ́ gba ohunkóhun tí wọ́n bá fún yín. Ìyẹn ò ní ṣòro fún ẹni tí wọ́n ti gbá lọ́wọ́ òsì rí nílé. Ẹni tí kì í ṣe Híńdù, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó kọjá sínú. Tí wọ́n bá ní ó tó síbẹ̀, ó tó síbẹ̀. Ẹ má ya fọ́tò òrìṣà.

Ẹ má kúrò láì dé Jwala Mai, ilé kékeré tó wà nítòsí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wọlé, wọ́n á wò yíká, wọ́n á jáde pé àwọn ò rí nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ pẹpẹ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ tẹjú mọ́ inú ihò tí wọ́n fi irin bò, ẹ jẹ́ kí òkùnkùn mọ́ yín lójú. Iná kékeré aláwọ̀ búlúù kan ló ń jó níbẹ̀, gáàsì inú ilẹ̀ ló ń gbé e jó, ẹ ó sì máa gbọ́ omi tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sọ̀: gbígbọ̀n ti dáwọ́ dúró, ìka ti ń gbọ́ tèèyàn, ẹ ti mu nǹkan gbígbóná. Ẹni tó ṣì ń gbọ̀n lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ wo aṣọ ẹ̀ lábẹ́ kóòtù, ẹ lè rí i pé nǹkan tútù kan ṣì wà lára ẹ̀.

7. Sísọ̀ kalẹ̀

Ara á yá yín, ẹ ó fẹ́ sùn lókè. Ẹ sọ̀ lọ sí Kagbeni, tàbí kẹ́ ẹ kúkú lọ sí Jomsom tó bá jẹ́ ọkọ̀ òfúrufú lẹ máa wọ̀ láàárọ̀. Tí ọkọ̀ òfúrufú yẹn ò bá fò, ẹ má dúró máa retí ìròyìn títí di ọ̀sán, ẹ wá jíìpù lójú ẹsẹ̀, torí gbogbo èèyàn tí ọkọ̀ ò gbé ló máa sáré síbẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, láti ilé gan-an kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì: ọjọ́ méjì òfìfo gbọ́dọ̀ wà láàárín ọjọ́ tí ẹ ní lọ́kàn láti kúrò ní Jomsom àti ọjọ́ tí ẹ máa fò láti Kathmandu. Tó bá jẹ́ Sátidé lẹ ń fò, kí Wẹ́sìdeé bá yín ní Jomsom tí ẹ ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́.